Ṣé Òfin Gba Dókítà Eyín Láyè Láti Fa Ẹ̀jẹ̀ Mi? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ẹ̀jẹ̀, Eyín àti Kòkòrò HIV

Tẹ́lẹ̀, bí a bá gbé tábìlì àyẹ̀wò HIV kalẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn máa ń bi wá ni bóyá ẹ̀fọn lè kó o ran èèyàn, tàbí bóyá èèyàn lè kó o nínú ṣálángá. Rárá ni èsì méjèèjì. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ìbéèrè mìíràn ti ń wọlé: ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà lọ́dọ̀ dókítà eyín, tí wọ́n á tún fi sí ẹnu ẹni tó ni ín. A ti kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. A ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i.

ÌBÉÈRÈ: Dókítà eyín mi fẹ́ yọ eyín kan tó wà lẹ́yìn pátápátá nínú ẹnu mi. Ó ní òun máa kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní apá mi, òun á fi ẹ̀rọ ṣe é, òun á wá fi dí ihò eyín náà kó lè tètè jiná. Ẹ̀rù bà mí. Ṣebí dókítà gidi ló ń fa ẹ̀jẹ̀? Ta ló fún oníṣẹ́ eyín láṣẹ?

ÌDÁHÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Dókítà eyín tó forúkọ sílẹ̀, dókítà gidi ni. Ìgbìmọ̀ kan náà tó ń fún dókítà ara níwèé àṣẹ ló ń fún tòun náà. Medical and Dental Council of Nigeria ni wọ́n ń jẹ́, MDCN ni ìnagijẹ wọn, ẹ sì rí i pé orúkọ wọn gan-an kó àwọn méjèèjì pọ̀. Ọdún 6 ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ náà ní yunifásítì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn, gbogbo ara ni wọ́n ń kọ́ nípa rẹ̀, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kì í ṣe eyín nìkan. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tún ṣe iṣẹ́ ọdún kan lábẹ́ àwọn ọ̀gá kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ wọn ní kíkún. Yunifásítì Èkó ti ń kọ́ wọn láti ọdún 1966, ní Ìdí-Àràbà, níbi tí LUTH wà. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé egungun àgbọ̀n, tó mọ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ iṣan tó wà nísàlẹ̀ ẹnu, iṣan ẹ̀jẹ̀ apá kì í ṣe àjèjì sí i.

Ní ti òfin, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè yìí, National Health Act, ti ọdún 2014. Ibi méjì ni kí ẹ mọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀ka 48 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹlòmíràn tó wà láàyè, fún ohunkóhun tó wù kó jẹ́, àfi bí ẹni náà bá fọwọ́ sí i lẹ́yìn tó ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, tí wọ́n sì tẹ̀ lé ìlànà tí àwọn aláṣẹ gbé kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀ níbi ìfọwọ́sí yẹn. Ẹ̀ka 52 wá sọ̀rọ̀ nípa ta ló lè fi ẹ̀jẹ̀, tàbí ohun tí wọ́n ṣe láti ara ẹ̀jẹ̀, sí ara èèyàn: dókítà tó forúkọ sílẹ̀ tàbí dókítà eyín, tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àbójútó tàbí àṣẹ wọn. Ẹ tún un kà. Òfin dárúkọ dókítà eyín. Ohun tó fẹ́ fi dí ihò eyín yín, ohun tí wọ́n ṣe láti ara ẹ̀jẹ̀ ni.

Nítorí náà, ìdáhùn wa ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ó lè fà á, bó bá jẹ́ fún ìtọ́jú eyín tàbí ẹnu tó ń ṣe fún yín. Kò wá túmọ̀ sí pé gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ funfun ní ilé ìtọ́jú eyín ló lè fà á o. A máa débẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Kí ni wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ náà ṣe gan-an? Ọ̀rẹ́ mi ní wọ́n ń tà á ni.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe omi pupa lásán. Àwọn sójà ara wà nínú rẹ̀ tí ń bá àrùn jà, àwọn ni kòkòrò HIV máa ń kọlù. Àwọn ohun pupa tó ń gbé atẹ́gùn káàkiri ara wà níbẹ̀. Àwọn kan tún wà tí wọ́n kéré gan-an, platelet ni àwọn dókítà ń pè wọ́n. Bí ọ̀bẹ bá gé yín nídìí àlùbọ́sà, àwọn platelet yìí ló máa kọ́kọ́ sáré débẹ̀ bí èrò ṣe ń sáré sí dáńfó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n á dí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, wọ́n á sì tú àwọn èròjà sílẹ̀ tó ń ké sí ara pé kó wá tún ibẹ̀ ṣe.

Àwọn onímọ̀ wá rò ó pé, bí a bá kó ọ̀pọ̀ platelet jọ sí ojú kan ńkọ́? Ní ọdún 1998, Robert Marx, dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ẹnu ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí èyí tí wọ́n ń pè ní PRP, tó lò ó láti ran egungun àgbọ̀n lọ́wọ́. Ní 2001, Joseph Choukroun ní ilẹ̀ Faransé gbé èyí tó rọrùn jù ú lọ jáde, PRF. Ìyàtọ̀ wọn kò le. Nínú PRP, wọ́n máa ń fi oògùn sínú ìgò kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì. Nínú PRF, wọn kì í fi nǹkan kan sí i. Wọ́n á kàn fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré tó gba nǹkan bí mílílítà 10, wọ́n á kì í bọ inú ẹ̀rọ tó ń yí bí òòyì fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Bó bá dúró, ẹ̀yin náà á rí i nínú ìgò: pupa á wà nísàlẹ̀, omi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ á wà lókè, ohun kan tó dì bí ẹ̀kọ tútù á sì wà láàárín. Ohun àárín yẹn ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n á mú un, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á fi sínú ihò eyín, wọ́n á rán an.

Nítorí pé kò sí oògùn nínú ìgò PRF, ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọn kò bá tètè gbé e sínú ẹ̀rọ, ó ti dì nìyẹn, ó sì ti bàjẹ́ fún iṣẹ́ náà. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó ní jẹnẹrétọ̀ tàbí ìnfátà. Kì í ṣe àfojúdi. Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, ó máa fẹ́ gún yín lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgò bíi 2 sí 6 ni wọ́n sábà máa ń lò. Ẹ fi wé báàgì ẹni tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, tí ó jẹ́ nǹkan bí mílílítà 450. Ohun tí dókítà eyín ń gbà kéré gan-an, ẹ kò ní kú, ẹ kò ní dákú, àfi bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́.

Kì í ṣe ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní 2011, àwọn dókítà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lára àwọn tí wọ́n yọ eyín tó máa ń hù gbẹ̀yìn fún. Àwọn tí wọ́n fi PRP sí ihò eyín wọn, ìrora wọn kéré sí ti àwọn yòókù. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu o. Ní ti bóyá ó ń mú egungun hù dáadáa, ohùn àwọn onímọ̀ kò tíì ṣọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé «stem cell» ni, pé eyín tuntun máa hù padà, kó wá tìtorí ẹ̀ gba owó gọbọi, èmi ní tèmi máa gbé báàgì mi ni, mo máa lọ.

Ní ti títà, ẹ̀ka 53 nínú òfin yẹn kan náà kò fàyè gba kí wọ́n máa fi ẹ̀jẹ̀ èèyàn ṣòwò. Dókítà lè gba owó iṣẹ́ rẹ̀ àti owó ohun èlò. Kò lè ta ẹ̀jẹ̀ yín fún ẹlòmíràn.

ÌBÉÈRÈ: Ní ibi tí mo lọ, kì í ṣe dókítà ló fa ẹ̀jẹ̀ mi, ọmọbìnrin kan ni. Ṣé ó bójú mu?

ÌDÁHÙN: Ó kù sọ́wọ́ ẹni tí ọmọbìnrin náà jẹ́. Ní ilé ìtọ́jú eyín, àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀, aṣọ wọn sì máa ń jọra. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ, tàbí onímọ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti láàbù, fífa ẹ̀jẹ̀ wà lára iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ń ṣe é lábẹ́ àṣẹ dókítà tó wà níbẹ̀. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń pè ní dental therapist. Àwọn náà ní ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Fífọ eyín àti kíkọ́ aráàlú bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹnu ni iṣẹ́ wọn, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ló yẹ kó wà. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ yín.

Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, tó ń gbálẹ̀, tó ń gba káàdì lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n wá sọ fún un pé «ìwọ náà wá gbìyànjú», ẹ má gbà. Ẹ béèrè pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́: «Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì ni yín àbí dókítà?» Ẹni tí ó bá ní ìwé àṣẹ kò ní bínú.

Ilé ìtọ́jú náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àjọ HEFAMAA ló ń forúkọ ilé ìwòsàn aládàáni sílẹ̀, tí ó sì ń yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ wo ara ògiri níbi tí èèyàn ti ń dúró, ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lẹ ìwé ẹ̀rí mọ́. Ìwé àṣẹ dókítà láti ọwọ́ MDCN, ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun. Bí ẹ bá rí i pé ọdún tó wà lára rẹ̀ ti pẹ́, ẹ béèrè.

ÌBÉÈRÈ: Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí. Ṣé mo lè kó HIV níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀jẹ̀ ara yín tó padà sí ara yín kò lè kó HIV ràn yín. Ohun tí kò sí lára yín tẹ́lẹ̀ kò lè tibẹ̀ wá. Ibi tí ewu wà ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíràn, tàbí ìgò ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn tí wọ́n ṣèèṣì gbé sọ́dọ̀ yín.

Kì í ṣe àlá la ń rọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní Albuquerque, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ dókítà eyín, ilé ìṣaralóge kan ni. Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin, wọ́n ń fi ẹ̀rọ yí i, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ gún un sí ojú wọn kí ojú lè máa dán. PRP kan náà tí à ń sọ ni. Ní 2018, àyẹ̀wò fi hàn pé obìnrin kan ní HIV, bẹ́ẹ̀ kò lo oògùn olóró, kò gba ẹ̀jẹ̀ sára, kò sì bá ẹni tó ní HIV lò pọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó rántí ni abẹ́rẹ́ tó gbà sójú. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera débẹ̀, wọ́n bá ìgò ẹ̀jẹ̀ tí kò ní orúkọ lára lórí káńtà ilé ìdáná. Wọ́n bá òmíràn nínú fíríìjì pẹ̀lú oúnjẹ. Sírínjì tí wọ́n ti tú ìwé lára rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀, àwọn kan wà nínú garawa ìdọ̀tí lásán. Ibẹ̀ kò ní ìwé àṣẹ kankan.

Wọ́n ti ibẹ̀ pa lọ́dún yẹn. Ẹni tó ni ín gbà nílé ẹjọ́ ní 2022 pé òun jẹ̀bi ṣíṣe iṣẹ́ dókítà láìní ìwé àṣẹ, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n. Ní oṣù kẹrin 2024, CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, tẹ ìròyìn ọ̀rọ̀ náà jáde: ó kéré tán obìnrin mẹ́ta ló kó HIV níbẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ta ni kòkòrò náà ti kọ́kọ́ wá? Wọn kò rí i mọ̀ títí dòní. Bí ìgò kò bá ní orúkọ, ta ló fẹ́ mọ̀?

Ẹ wò ó dáadáa. Kì í ṣe PRP ló kó HIV ran àwọn obìnrin yẹn. Ìdọ̀tí àti àìbìkítà ni. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò ibà lásán nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bákan náà ló máa rí.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ HIV mú yín gbàgbé àrùn mẹ́dọ̀wú, irú B àti irú C. Nínú ìwádìí ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018, nínú 100 èèyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, HIV wà lára ẹyọ kan ó lé díẹ̀, ìyẹn 1.4. Nínú ìwádìí kan náà, mẹ́dọ̀wú B lé ní 8 nínú 100 àgbàlagbà. Bí abẹ́rẹ́ tó ti gún ẹni tó ní HIV bá gún ẹlòmíràn, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú 1,000 ni kòkòrò náà ń ràn. Mẹ́dọ̀wú B pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ó sì lè wà láàyè lórí tábìlì gbígbẹ fún odidi ọjọ́ 7. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Ẹ lọ gbà á.

ÌBÉÈRÈ: Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fà á, kí ni kí n máa wò?

ÌDÁHÙN: Ojú yín ló máa ṣọ́ ọ. Kó tó kan yín lára, kó fọ ọwọ́, kó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun. Èyí tó fi dì mọ́ ìkángun ilẹ̀kùn, tó fi gba fóònù, kì í ṣe tuntun mọ́. Abẹ́rẹ́ náà, ojú yín ni kó ti já a nínú ìwé rẹ̀. Bí ẹ bá bá a ní jíjá sílẹ̀, ẹ ní kó mú òmíràn. Kó fi sìpírítì nu apá yín.

Bí ìgò bá kún, kí wọ́n kọ orúkọ yín sí i lára kí ó tó kúrò ní ẹ̀gbẹ́ yín. Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, òun sì ni àwọn èèyàn kì í wò. Bí aláìsàn méjì bá wà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí fún lọ́jọ́ kan náà, kí ìgò wọn má ṣe bọ́ sínú ẹ̀rọ pọ̀. Ẹ ka orúkọ náà nígbà tó bá ń lọ, ẹ tún kà á nígbà tó bá ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ tó ti lò, inú àpótí tí nǹkan kò lè gún jáde lára rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ tààrà, kì í ṣe inú garawa. Àwọn irin tí wọ́n fi yọ eyín, inú ẹ̀rọ tó ń fi ooru gbígbóná pa kòkòrò ni kí wọ́n ti wá. Dẹ́tọ́ọ̀lù nínú abọ́ kò tó.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, òfin 2014 yẹn ní kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀, iye tó máa jẹ, àti ohun mìíràn tí ẹ lè ṣe dípò rẹ̀, ní èdè tí ẹ gbọ́. Bí Òyìnbó kò bá yé yín, ẹ ní kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ sì lè sọ pé rárá. Dókítà ṣì lè yọ eyín náà láìfa ẹ̀jẹ̀, bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ látijọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní HIV, mo ti ń lo oògùn mi láti bí ọdún mẹ́jọ. Eyín ń dùn mí. Ṣé wọ́n máa fi ẹ̀jẹ̀ yẹn yẹ̀ mí wò ní bòókẹ́lẹ́? Ṣé wọ́n lè lé mi?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fọwọ́ sí fún ihò eyín, ihò eyín nìkan ni ẹ fọwọ́ sí i fún. Wọn kò gbọdọ̀ mú un lọ fún àyẹ̀wò HIV lẹ́yìn yín. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é, kí wọ́n bi yín létí, kí ẹ dáhùn. Ohun tí wọ́n bá sì mọ̀ nípa ìlera yín, àṣírí ni, òfin ló dè wọ́n. Bákan náà, ní 2014, wọ́n ṣe òfin tó lòdì sí fífi HIV ya èèyàn sọ́tọ̀ ní Nàìjíríà. Kí dókítà máa sọ pé òun kò fọwọ́ kan ẹni tó ní HIV kò bá òfin mu.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ «ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀» lẹ́ẹ̀mẹ́ta nílé ìwòsàn kan lẹ́yìn tó sọ òótọ́ mọ ohun tí mò ń wí. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń dákẹ́. Kò sí òfin tó fi dandan mú yín láti sọ ọ́, nítorí pé bí dókítà bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, gbogbo aláìsàn ló yẹ kó máa tọ́jú bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ wọn lè ní kòkòrò. Ìmọ̀ràn wa síbẹ̀ ni pé, bí ẹ bá rí dókítà tí ọkàn yín balẹ̀ sí, ẹ sọ fún un. Oògùn tó máa kọ fún yín lè má bá oògùn HIV yín rẹ́. Àwọn mìíràn tí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn, platelet wọn lè kéré jù, ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì ní tètè dá. Ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn náà.

Bí oògùn yín bá ti mú kí kòkòrò náà kéré débi pé àyẹ̀wò kò rí i mọ́, ẹ lè yọ eyín bí ẹnikẹ́ni. Ẹ kò sì lè kó o ran ẹni tí ẹ ń bá lò pọ̀. Bí ibì kan bá lé yín, ẹ lọ sí ibi tí ẹ ti ń gba oògùn, ẹ ní kí wọ́n júwe dókítà eyín fún yín. LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà ní ẹ̀ka eyín, wọ́n sì mọ ọ̀nà yìí dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Bó bá jẹ́ dókítà eyín náà ló ní HIV ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ní oṣù keje 1990, CDC kéde pé ó jọ pé aláìsàn kan ti kó HIV lọ́dọ̀ dókítà eyín rẹ̀ ní Florida, David Acer lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí aláìsàn mẹ́fà. Ìdààmú bá gbogbo ayé. Bí ó ṣe ràn wọ́n, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n di òní. Wọ́n wá wá àwọn aláìsàn tó lé ní 22,000 jáde, tí àwọn dókítà àti òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn tó ní HIV tọ́jú. Wọn kò rí ẹyọ kan tó kó o lọ́dọ̀ wọn. Itọ́ kì í ran HIV. Ọwọ́ dókítà nínú ẹnu yín kì í ràn án.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ń yọ eyín ní 500 náírà nígbà kan, ó ti fowó kún un báyìí. Ilé ìṣaralóge tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ti ń fa ẹ̀jẹ̀ fún ojú dídán. Owó wọn kò pọ̀. Ṣé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ sá fún àwọn méjèèjì. A mọ̀ pé owó ló ń gbé èèyàn débẹ̀, a kò fi yín ṣẹ̀sín. Ẹni tó ń dúró lábẹ́ bíríìjì láti aago márùn-ún àárọ̀, tí eyín ń ta á, kò ní ọjọ́ tó máa fi jókòó sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọ̀rọ̀ Roka, abúlé kan ní Cambodia. Ní 2014, ọkùnrin kan tí kò ní ìwé àṣẹ, tó ń tọ́jú gbogbo abúlé, tí wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀, ń lo sírínjì kan náà fún èèyàn púpọ̀. Ó lé ní 200 èèyàn tó kó HIV, àti àgbà àti ọmọdé. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 25. Olówó pọ́ọ́kú ni òun náà.

Ilé ìṣaralóge kò láṣẹ láti fa ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kò sí «mo kọ́ ọ ní Dubai» níbẹ̀. Òfin 2014 fi owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n síwájú ẹni tó bá rú ẹ̀ka 48. Ẹ lè fi ẹjọ́ wọn sun HEFAMAA. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìsọlọ̀ kò jìnnà, bí ẹ bá tètè jí.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti ṣe é ní ibi tí kò dá mi lójú. Ọjọ́ méjì sẹ́yìn ni. Kí ni kí n ṣe báyìí?

ÌDÁHÙN: Ẹ dìde nísinsìnyí. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní PEP, tó lè dá HIV dúró kó tó fìdí múlẹ̀ lára, ṣùgbọ́n wákàtí 72 ni gbèdéke rẹ̀, bó sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ọjọ́ méjì ti jẹ́ wákàtí 48. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú HIV, bíi LUTH, tàbí NIMR ní Yábàá, ẹ sọ pé abẹ́rẹ́ tí kò dá yín lójú ló gún yín, pé PEP lẹ wá gbà. Ọjọ́ 28 ni ẹ máa lò ó láìfo ọjọ́ kan. Wọ́n á yẹ̀ yín wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wo mẹ́dọ̀wú náà.

Bí ó bá ti kọjá wákàtí 72, ẹ ṣì wá. Ẹ ṣe àyẹ̀wò, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nítorí pé kòkòrò náà lè wà lára kí àyẹ̀wò tó rí i. Ẹ lo kọ́ńdọ̀mù láàárín àkókò yẹn. Bó bá sì wá jẹ́ pé ó ti wọlé, ìjọba àpapọ̀ ti sọ oògùn HIV di ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ láti 2006, ẹ ó sì pẹ́ láyé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣẹ́kù nínú ìgò, ṣé mo lè gbé e lọ sílé? Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ṣe mí ní nǹkan.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rù yẹn yé wa, ẹ kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè. Ẹ má gbé e lọ sílé, nítorí ọmọdé lè fọwọ́ kàn án, ìgò sì lè fọ́. Ẹ ní kí dókítà dà á sí inú àpò ìdọ̀tí ilé ìwòsàn lójú yín kí ẹ tó kúrò lórí àga. Ní Èkó, LAWMA ní ọkọ̀ ọ̀tọ̀ tó ń kó irú ìdọ̀tí yẹn, kì í bá ti ilé lọ pọ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni wíwò rẹ̀, ẹ ṣì máa ní òwú lẹ́nu nígbà yẹn, nítorí náà, ẹ kàn nawọ́ sí ìgò náà, wọ́n á mọ ohun tí ẹ ń wí.